Abọ́ Tí Ìyá Roheem Ń Gbé Kiri

Ní Olódò tiwa yìí, bí àgbàlagbà obìnrin bá ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì tí kò gbé nǹkan kan dání, wọn ò ní jẹ́ kó dé ìkóríta. Ẹnìkan á dá a dúró, á ní ta ni Màmá ń wá. Ẹlòmíì á ní ṣé kò sí wàhálà nílé. Ẹni tí kò bá bi í ní nǹkan kan ló burú jù, torí fóònù ló máa mú jáde, á pe ọmọ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé gbogbo wọn ló gbà pé oore làwọn ń ṣe.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Àjọkẹ́ nìyẹn, ìyá Roheem tó ń ta páànù. Àjọkẹ́ ò dédé máa rìn. Nọ́ọ̀sì Marvellous, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà, ló sọ fún un. Ó wé rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó fún un títí, ó wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ, ó ní ẹ̀jẹ̀ Màmá ti ru dé ọgọ́sàn-án.

“Màmá, oògùn nìkan ò lè dá a ṣe. Kí lẹ máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?”

“Mo máa ń jókòó.”

“Lẹ́yìn ìjókòó ńkọ́?”

“Mo máa ń jẹun. Bí mo bá jẹun tán, màá tún jókòó.”

“Nígbà tí ẹ wà lábúlé ńkọ́?”

Àjọkẹ́ rẹ́rìn-ín. Lábúlé wọn lápá Akínyẹlé, ẹni tó bá kírun Àsùbáà tán tó kọrí sóko, oòrùn á ti yọ dáadáa kó tó débẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ru ẹ̀gẹ́, ó ń pọnmi, ó ń yan gàrí. Ta ló ń ka ìrìn nígbà yẹn.

“Ẹ máa rìn,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Ìdajì wákàtí láràárọ̀.”

“Níbo ni mò ń lọ?”

“Kò síbi tí ẹ ń lọ. Ẹ kàn máa rìn ni.”

“Kí n máa lọ, kí n má sì níbi tí mò ń lọ?”

Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Àjọkẹ́ gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́kadà kan tí kò mọ̀ rí gbé e, ó gbé e padà wálé, kò gba kọ́bọ̀. Ó sọ fún Fàdìlàt, ìyàwó Roheem, pé òun rí Màmá tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó jọ pé wọ́n ṣìnà. Fàdìlàt dúpẹ́. Àjọkẹ́ náà dúpẹ́, ojú sì ń tì í.

Lọ́jọ́ kejì ló mú abọ́ tánganran rẹ̀ jáde, èyí tó gbé bọ̀ láti abúlé. Ó ká àkísà kan, ó fi ṣòṣùká, ó gbé abọ́ sórí, ó fi ọmọrí dé e, ó fi ọ̀rá funfun bo ọmọrí náà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó gba iwájú ilé àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ó kọjá mọ́ṣáláṣí, ó dé ìkóríta, ó yí padà. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Àwọn tí ò kí i tẹ́lẹ̀ ní kó kú iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ rà, Àjọkẹ́ á ní ọjà ti tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà lọ bá Nọ́ọ̀sì Marvellous, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ sí ọgọ́jọ. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì, ó fi bírò fa ilà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Màmá má ṣíwọ́ oògùn lílò, kí wọ́n má sì dá ìrìn dúró rárá.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni ó dà rú. Wọ́n kírun Àsùbáà tán, Roheem ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ni Alhaji Gàfárù fọwọ́ kàn án léjìká. Bàbá yìí ló máa ń jókòó sẹ́yìn lèmọ́mù, kò sì sóhun tí kì í gbọ́ ládùúgbò.

“Roheem, ṣé ọjà ń lọ?”

“Alhamdulilahi, bàbá. À ń dúpẹ́.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n bi ọ́ ni. Ìyàwó mi ló rí Màmá tí wọ́n ń kiri. Ó ní òun fẹ́ rà, Màmá ní ọjà ti tán. Aago méje àárọ̀ mà nìyẹn o. Ọjà yẹn ń tà.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọmọ tó kọ́lé, tó ní ṣọ́ọ̀bù páànù, tí ìyá rẹ̀ tún ń kiri. Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni.”

Àwọn méjì tó dúró nítòsí ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn.  Roheem wọ bàtà rẹ̀, ó ń lọ, kò tiẹ̀ rántí pé ó yẹ kóun dágbére fún bàbá.

Kò lọ ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níwájú ilé, ó ń wo géètì. Ní òdìkejì títì, Ìyá Ishaq tó ń ta ẹ̀wà ti gbé ìkòkò kaná, ó rí i pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, ló bá din iná kù kó lè gbọ́rọ̀. Nígbà tí Àjọkẹ́ ṣí géètì jáde tòun ti abọ́ lórí, Roheem dìde.

“Màmá, ẹ káàárọ̀.”

“Káàárọ̀, Àlàó mi. O ò tíì lọ ṣọ́ọ̀bù?”

“Kí lẹ rù?”

“Abọ́ ni.”

“Kí ló wà nínú ẹ̀?”

 Àwọn ọmọ búlọ́ọ̀kù pa ẹ̀rọ wọn. Àdúgbò yìí kì í dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, àfi tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ bọ́ sóde.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ fún yín,” ni Roheem wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fagbára gbé e bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Abọ́ fúyẹ́ débi pé ó fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ nù sẹ́yìn. Ó ká ọ̀rá kúrò, ó ṣí ọmọrí. Ó tiẹ̀ ki ọwọ́ sínú abọ́, ó fi pa ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Mo mọ̀ pé bó bá bá ẹ̀kọ níbẹ̀, ì bá sàn fún un. Bó bá bá àkàrà, tàbí ọṣẹ, ohunkóhun, ì bá jágbe, ì bá bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ìyá tó ń kiri ọjà, ìtìjú ni. Ìyá tó ń ru abọ́ òfìfo kiri ìgboro, kí lèèyàn fẹ́ pe ìyẹn?

“Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa rìn,” ni Àjọkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

“Nọ́ọ̀sì ló ní kí ẹ máa ru abọ́ tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀?”

“Nọ́ọ̀sì ò mọ̀ nípa abọ́. Torí àwọn èèyàn ni mo ṣe gbé abọ́. Àìsàn ni mò ń wò, Àlàó. Ó ti wálẹ̀. Wo káàdì mi.”

Káàdì wà ní ìdí ìró rẹ̀, ó ń tú u. Roheem ò wo káàdì. Ojú àwọn èèyàn ló ń wò.

“Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn,” ni Ìyá Ishaq wí láti ìdí ìkòkò, kò tiẹ̀ rọra sọ ọ́. “Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá ọkọ mi nìyẹn. Igi ìdáná ni tiwọn, wọ́n á kó o lọ, wọ́n á kó o bọ̀.”

Obìnrin kan tó fẹ́ ra ẹ̀wà ní kí wọ́n tètè wá aáfà. Òmíì ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ìyàwó ilé léèrè, pé ìyá tára bá tù lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ ẹ̀, kí ló máa lé e jáde láfẹ̀mọ́júmọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn balẹ̀ síbi tí wọ́n fẹ́ kó balẹ̀ sí. Roheem yíjú padà. Fàdìlàt dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ṣé ìwọ mọ̀ sí i?”

Fàdìlàt mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Màmá bẹ̀rẹ̀ ló gbé abọ́ náà pé kóun bá wọn fọ̀ ọ́, ló rí i pé kò sóhun tó kàn án rí. Ó ro ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà, ó ro ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì tí Màmá ti sọ fún un, ó yé e. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó ní Màmá gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Láti ìgbà náà ló ti máa ń nu abọ́ náà kó lè máa dán.

“Mi ò mọ̀, Bàbá Zubaidah,” ló wí.

Àjọkẹ́ wò ó, kò pẹ́ tó fi gbé ojú kúrò. “Kò mọ̀,” ni òun náà wí.

Roheem gbé abọ́ wọlé. Ó pe Rùqáyyàh, àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Akínyẹlé, ó sì fi ohùn fóònù síta.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n padà wálé,” ni Rùqáyyàh wí. “Nígbà tí wọ́n wà níbí, ta ló gbọ́ pé orí fọ́ wọn?”

“Ilé wo? Kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?”

“Kí wọ́n máa lọ sóko.”

“Oko wo, Rùqáyyàh?”

 Àwọn méjèèjì mọ̀. Wọ́n ti mọ odi yí oko náà ká látìsàlẹ̀ dókè, wọ́n ti kọ nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì sára rẹ̀ ní ọ̀dà pupa. Owó tí wọ́n ta oko náà ni Roheem fi parí ilé tí Màmá ń jókòó sí yìí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Fóònù kàn ń jẹ owó ṣáá títí owó inú ẹ̀ fi tán.

Ó wá mú àgádágodo, ó fi ti géètì. Ó fún Fàdìlàt ní kọ́kọ́rọ́ nítorí àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà nínú ọgbà.

“Bí Màmá bá jáde lónìí, ìwọ náà múra àtilọ sílé yín,” ló wí. Kò pariwo. “Mo fẹ́ kí ìyá mi sinmi. Mo fẹ́ káyé rí i pé ìyá mi ń sinmi. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?”

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Roheem fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ìbá ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀ ni, ì bá fi í sílẹ̀ kó máa rìn.

Nígbà tó lọ tán, Àjọkẹ́ kọ́kọ́ dúró nídìí géètì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ọgbà. Láti ìdí táǹkì omi dé ara odi, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Ó lọ, ó bọ̀. Ìyá Ishaq ń wò ó láti àárín irin géètì, ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n wá wò, Màmá ti ń pòòyì. Àjọkẹ́ gbọ́. Ó dúró, ó jókòó sórí kóńkéré.

Ó tó bí aago mẹ́wàá kó tó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ìyá Zubaidah, ṣí i fún mi. Kí n kàn dé mọ́ṣáláṣí. Mi ò ní gbé abọ́.”

Fàdìlàt wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á lé mi.”

“Àyà mi ń lù kìkì. Tí mo bá ti rìn, á rọlẹ̀.”

“Ẹ lo oògùn yín?”

“Mo ti lò ó láàárọ̀.”

“Ẹ ní sùúrù dìrọ̀lẹ́, Màmá. Màá bá wọn sọ̀rọ̀. Màá sọ fún wọn pé mo mọ̀.”

“O ò ní sọ ọ́,” ni Àjọkẹ́ wí, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. “Má sọ ọ́. Ilé ọkọ rẹ nìyí.”

Fàdìlàt tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ tó ń rán gba ibòmíì lọ, ó tú u, ó tún un rán, ó tún gba ibòmíì lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gbé àga dé. Àga ńlá onítìmùtìmù ni, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, ọ̀rá rẹ̀ ò tíì kúrò lára ẹ̀. Roheem tẹ̀ lé e tòun ti tòlótòló díndín àti mọ́ọ̀tì tútù. Ó gbé àga sí iwájú ilé, nínú géètì, síbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ti lè rí i. Ibẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ wà. Lápá òsì, ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ti tún ń lu ilẹ̀, àwọn tírélà sì ń kọjá lójú títì, wọ́n ń da eruku sórí ohun gbogbo.

“Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ wò ó bó ṣe rọ̀.”

“Mo ti jókòó tó lónìí, Àlàó.”

“Lórí kóńkéré ni yẹn.” Ó di ìyá rẹ̀ lápá méjèèjì, ó rọra gbé e jókòó. “Ẹ jẹ tòlótòló yìí. Ẹ mu mọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe láyé ti tó. Èmi náà fẹ́ jẹ́ kẹ́ ẹ jayé.”

Àjọkẹ́ wo ọmọ rẹ̀.  Ó mú tòlótòló, iyọ̀ àti mágí ti wọ̀ ọ́ títí dé eegun. Ó jẹ díẹ̀. Alhaji Gàfárù ń kọjá lọ sí ìdí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Báyìí ló yẹ kó rí. Màmá, ẹ jèrè ọmọ o.” Roheem rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó bá tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù páànù.

Ọ̀sán ṣú nínú eruku. Wọ́n mú iná lọ, Fàdìlàt ní láti tan jẹnẹrétọ̀ torí pé aṣọ àwọn oníbàárà fẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì. Ariwo yẹn wà lókè orí Màmá gan-an. Fàdìlàt ní kóun bá wọn gbé àga wọlé, Àjọkẹ́ mì orí, ó ní Àlàó ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ibí ni ó gbé e sí. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, ó di ojú.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Alásárì nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ tán. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Fàdìlàt gbọ́ ohùn kan tí kò jọ ohùn èèyàn. Kò mọ ìgbà tó ti ń pè. Nígbà tó débẹ̀, mọ́ọ̀tì ti dà sí ìró Màmá, apá òsì ẹnu rẹ̀ ti wọ́ wálẹ̀, ọwọ́ òsì sì ti bọ́ sílẹ̀ lára àga. Ojú rẹ̀ ló ń wo Fàdìlàt, ó yé e dáadáa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ìyẹn ló burú jù nínú ẹ̀.

Fàdìlàt sáré lọ sídìí géètì kó ké sí aráyé, ó bá àgádágodo níbẹ̀. Ó sáré padà lọ mú kọ́kọ́rọ́. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò wọlé, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ búlọ́ọ̀kù na ọwọ́ gba àárín irin, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣí i. Géètì náà ṣí, Àjọkẹ́ ò sì lè jáde mọ́.

Wọ́n gbé e tàgatàga. Ojú títì ti dí, àwọn tírélà méjì ti kojú síra wọn ní ìkóríta, ọkọ̀ kankan ò lè kọjá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọjà, ọ̀nà kan náà tí Màmá máa ń gbà láràárọ̀. Ìyá Ishaq tẹ̀ lé wọn dé ìdajì ọ̀nà.

“Mo sọ ọ́,” ló ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í. “Ìrìn tí wọ́n ń rìn kiri yẹn ló fà á. Ara àgbà ò gba ìrìn. Ọmọ ẹ̀ gbìyànjú.”

Nọ́ọ̀sì Marvellous ló gbà wọ́n. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé Màmá lọ sí ọsibítù ńlá nígboro, ó ti pe ọkọ̀, ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn àwọn tírélà. Ó wé rọ́bà mọ́ ọn lápá. Ohun tó rí ti kọjá igba, kò tiẹ̀ fẹnu sọ ọ́, ó kàn fi han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tú káàdì jáde ní ìdí ìró Màmá, ó rí ọgọ́jọ àti ilà méjì tó fi bírò fà sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà yẹn ni Roheem já wọlé, eruku páànù lára.

“Kí ni wọ́n ń ṣe kó tó ṣẹlẹ̀?” ni Nọ́ọ̀sì bi í.

“Wọn ò ṣe nǹkan kan,” ni Roheem wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. “Mo fi Ọlọ́run búra, wọn ò ṣe nǹkan kan lónìí. Wọn ò rìn. Láti àárọ̀ ni mo ti mú wọn jókòó. Ẹ bi ìyàwó mi.”

Nọ́ọ̀sì wo Fàdìlàt. Fàdìlàt la ẹnu, ó tún pa á dé, ó ń wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan kan sínú káàdì, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́.

Wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ìhà òsì Àjọkẹ́ ti rọ pátápátá, àmọ́ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò dúró. Ó ń ká a, ó ń nà án, ó ń ká a, ó ń nà án, kò yára, kò sì falẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó mọ bí oko ṣe jìn tó. Roheem rí i. Ó súnmọ́ ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tó fi dúró.

“Ẹ sinmi, Màmá,” ló ń wí. “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ sinmi.”